Ilẹ̀ Ń Gbóná, Òde Ń Dì: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó lọ wẹ ọmọ nílùú òyìnbó

Lọ́dọọdún ni àwọn òbí ń wọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ṣikágò, Niú Yọ́ọ̀kì tàbí Tòróńtò láti lọ bá ọmọ wọn wẹ ìkókó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń débẹ̀ lásìkò òtútù, nítorí ọmọ kì í wo ojú ọjọ́ kó tó wáyé. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà ni gbogbo ẹbí máa ń rán wọn létí. Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni bí ilé tí wọ́n ń lọ ṣe ń móoru, ibi tí ooru náà dé, àti ibi tí kò dé. Ibi tí kò dé yìí ló ń fa wàhálà jù.

Ìyá kan lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó débẹ̀, kó wọ bálùwẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ táìsì, kó sì fò sẹ́yìn. Ilẹ̀ ń gbóná! Kì í ṣe pé nǹkan ń jó lábẹ́ ilé o. Wáyà iná mànàmáná ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ táìsì náà. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní in. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé Amẹ́ríkà, ní Britain sì rèé, irin gbígbóná tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni ẹ ó máa rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún bálùwẹ̀ tàbí ilé ìdáná wọn ṣe ń fi ti abẹ́ ilẹ̀ yìí kún un, àwọn ọmọ wa náà kò sì gbẹ́yìn.

Bí ẹ bá ti jókòó sórí àpáta rí nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, ẹ ti mọ bí ó ṣe ń rí lára. Àwọn oníṣẹ́ á kọ́kọ́ tẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ sísàlẹ̀, wọn á wá tẹ́ wáyà tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, ní lílọ bíbọ̀ bí ìfun, wọn á da sìmẹ́ńtì lé e, wọn á fi táìsì bò ó. Iná tó ń gba inú wáyà náà kọjá kì í rí àyè kọjá wẹ́rẹ́, ìjàkadì yẹn ló ń di ooru, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Lára ògiri, ẹ ó rí àpótí pẹlẹbẹ kékeré kan tí nọ́ńbà ń tàn lójú rẹ̀. Òun ló ń pàṣẹ. Ó ní ẹ̀yà kan tó nà wọ abẹ́ táìsì tó ń yẹ ilẹ̀ wò: bí ilẹ̀ bá ti gbóná tó, yóò pa iná, bí ó bá tún tutù, yóò tàn án padà. Ẹ má kàn tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ títí nọ́ńbà yóò fi ga, torí kò ní mú kí ilẹ̀ tètè gbóná. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì kì í kánjú.

Ooru rẹ̀ kò tiẹ̀ pọ̀ bí ojú ṣe rò ó. Ìlànà tí àwọn ará Yúróòpù ń tẹ̀lé ni pé kí ojú ilẹ̀ tí wọ́n ń mú gbóná má kọjá dígírì 29 nínú yàrá tí èèyàn ń gbé, kó má sì ju bíi 33 lọ ní bálùwẹ̀. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 37. Táìsì tó tutù bí omi inú àmù la ti mọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí èyí fi ń yà wá lẹ́nu.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì ń gbé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn lé orí òpó kúkúrú, wọn á dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ooru lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwókù irú rẹ̀ ṣì wà ní ìlú Bath ní England títí dòní. Àwọn ará Kòríà ń pe tiwọn ní ondol. Ooru iná ìdáná ni wọ́n ń darí gba abẹ́ yàrá, orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn sí. Lọ́dún 2018 ni ìjọba South Korea kọ ondol mọ́ àwọn àṣà tí orílẹ̀-èdè wọn ń dáàbò bò. Àwa tí a ń yá iná lásìkò ọyẹ́ kò lè ṣàì mọyì ohun tí wọ́n ń wá.

Fún àgbàlagbà, àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ẹsẹ̀ tí làkúrègbé ń bá jà máa ń rọ̀ lórí ilẹ̀ tó móoru. Omi tó bá dà sílẹ̀ ní bálùwẹ̀ ń tètè gbẹ, ìyọ̀tẹ̀rẹ́ á sì dín kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2018 pé ó yẹ kí inú ilé móoru tó dígírì 18, ó kéré tán, lásìkò òtútù, torí òtútù inú ilé ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń dá ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró láàmú. Bí ọmọ yín bá ń ṣọ́ owó iná, tó fi ń jẹ́ kí yàrá yín tutù jù, ẹ sọ fún un. Ìyá tó ń gbọ̀n ní yàrá tí kò fẹ́ sọ nítorí kó má da ọmọ láàmú, ara rẹ̀ ló ń pa lára.

Owó iná bálùwẹ̀ kò sì pọ̀. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin níbùú lóròó ń lo nǹkan bí ìdajì kílówáàtì. Bí wọ́n bá tàn án fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kò ju yúníìtì mẹ́ta lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì dọ́là ní iye tí wọ́n ń ta iná fún ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024, tí yúníìtì kan wà ní bíi sẹ́ǹtì 16.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ewu wà nínú ilé. Ooru tó wà lábẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Bí ẹ bá tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn lé e, tàbí tí ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀dì òyìnbó ti rọ̀ jù fún ẹ̀yìn yín, ẹ ti dé ooru mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yà tó ń yẹ ilẹ̀ wò lè wà lápá ibòmíràn nínú yàrá, kò sì ní mọ̀ pé abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ti ń gbóná jù. Àwọn tó ṣèwádìí nípa iná tó ń jó ara ti fi hàn láti ọdún 1947 pé ohun tó gbóná tó dígírì 44 péré lè jó awọ ara bí ó bá wà lára fún wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ara rẹ̀ jí pépé yóò yí padà lójú oorun kó tó dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri kò ní mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má sùn sórí ilẹ̀ náà rárá, ẹ má sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ dán ooru wò: ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi kàn án. Lálaalẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, tàbí kí ọmọ bá yín wò ó. Ẹní tàbí aṣọ ìkírun tó fẹ́lẹ́ kò ní wàhálà.

Ti ìkókó ńkọ́? Ọmọ tó ti ń rákò lè máa ṣeré lórí ilẹ̀ gbígbóná, àmọ́ kì í ṣe ibi tí a ń tẹ́ ọmọ sùn sí. Àwa ìyá àgbà la tún gbọ́dọ̀ bá wí díẹ̀ níbí yìí. A ó bá ọmọ nínú ilé tó ti móoru, a ó tún fi ṣọ́ọ̀lù méjì wé e, a ó dé fìlà fún un, a ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ní Britain, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ìkókó ni pé kí yàrá tí ọmọ ń sùn wà láàárín dígírì 16 sí 20, kí wọ́n má sì dé fìlà fún un nínú ilé, nítorí ooru àpọ̀jù wà lára ohun tó ń mú kí ikú òjijì lójú oorun súnmọ́ ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó máa ń tutù, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ibẹ̀ bá ti ń làágùn, ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò.

Ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kan ìṣó tàbí lu ihò sílẹ̀ náà. Bí súìṣì rẹ̀ bá já fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe máa dá a padà ní tipátipá. Ó ṣeé ṣe kí wáyà ti bó lábẹ́ omi. Kí wọ́n pe oníná tó ní ìwé àṣẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde síta. Níta ni ọ̀rọ̀ ti le.

Nǹkan méjì ni àwa ń pè ní yìnyín, kò sì yẹ ká dà wọ́n pọ̀. Òjò dídì, tí àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún ń pè ní sínóò, ń já bọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ègbọ̀n òwú, ó rọ̀, ojú ń rí i. Yìnyín gan-an ni omi tó dì gbagidi, tó ń dán bíi gíláàsì, tó sì lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí kọnkéré débi pé ojú kò ní rí i rárá. Òjò dídì máa ń dí ọ̀nà. Yìnyín ló ń dá egungun. Ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 2019, òtútù Ṣikágò dé dígírì 30 nísàlẹ̀ òdo, ibi tí omi ti ń dì sì ni òdo yẹn. Ẹ rò ó wò fún ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn ní dígírì 33.

Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé irú wáyà tó wà ní bálùwẹ̀, ṣùgbọ́n tó lágbára jù ú lọ, ni wọ́n rì sínú kọnkéré àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà àti ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ kan wà níta tó ń wo nǹkan méjì: ṣé òtútù ti tó kí omi dì, ṣé ọ̀rinrin sì wà nílẹ̀? Bí méjèèjì bá pé, iná á tàn, òjò dídì á sì máa yọ́ bó ṣe ń já bọ́. Ó dùn ún wò. Gbogbo àdúgbò á funfun, iwájú ilé ọmọ yín á dúdú, á tutù rinrin.

Iná tó ń jẹ wá ńkọ́? Mítà kan níbùú lóròó ń fẹ́ nǹkan bíi 400 sí 500 wáàtì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀ tó àádọ́ta irú mítà bẹ́ẹ̀ lè gba kílówáàtì 25. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lágbára tó kílówáàtì kan, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò iye rẹ̀ tí a ó tò jọ. Bí iná yẹn bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, 200 yúníìtì ló lọ, ó ju ọgbọ̀n dọ́là lọ fún ọjọ́ òjò dídì kan ṣoṣo. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Michigan tí wọ́n ń pè ní Holland, tí títì àárín ìlú rẹ̀ ti ń móoru láti ọdún 1988, àmọ́ páìpù omi gbígbóná ni tiwọn, ooru tó ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná ni wọ́n sì fi ń gbé e. Ní Reykjavik ní Iceland, omi gbígbóná tó ń ti inú ilẹ̀ wá ni. Àwọn yẹn ní ooru tí wọn kò ra. Lójú tèmi, ti bálùwẹ̀ tó owó tí wọ́n ń ná lé e, ti àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ bí àgbàlagbà bá ń gbé ilé. Gbogbo ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo rí bí àṣejù.

Ọ̀pọ̀ onílé ló rí i bẹ́ẹ̀ náà, wọn kì í fi wáyà sí gbogbo ilẹ̀. Àwọn kan á fi sí ìlà méjì tí táyà mọ́tò ń tẹ̀, àwọn mìíràn á fi sí àtẹ̀gùn nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú wà. Omi tó yọ́ lórí ilẹ̀ gbígbóná gbọ́dọ̀ ṣàn lọ síbì kan. Bí kò bá sí gọ́tà tó gbé e lọ, ẹ̀bá ibi tí wáyà parí sí ni yóò ṣàn dé, níbẹ̀ ni yóò sì tún dì, tí yóò di gíláàsì. Ẹni tó ń ti orí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní bọ̀ ti fọkàn balẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó wà ní ọjà Dùgbẹ̀, ìgbésẹ̀ kan péré ló kù tí yóò fi ta gìyàn-án. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí ọmọ mú yín jáde ní ọ̀sán gangan, kó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibi tí wáyà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ má tijú béèrè. Bí wọ́n bá lè kun ojú ààlà náà ní ọ̀dà tí yóò tàn lójú, ẹ ní kí wọ́n kùn ún.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti tutù fún ọjọ́ pípẹ́ kì í gbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí òjò dídì bá pọ̀ lójijì, ó lè gba wákàtí mélòó kan kó tó yọ́. Ẹ má jáde nítorí pé wọ́n sọ pé "iná ti wà níbẹ̀".

Ní Amẹ́ríkà, ìṣubú ló ń ṣe àwọn ẹni ọdún 65 sókè léṣe jù lọ nínú gbogbo ìjàǹbá. Eegun ìbàdí tó bá kán lọ́jọ́ orí yẹn kì í tètè jiná, àlejò tí kò sì ní ìwé adójútòfò lè fi gbèsè ọsibítù sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó ṣubú tó forí gbálẹ̀, kó má sọ pé kò ṣe òun ní nǹkan. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú láìsí àmì. Ẹ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín, kì í ṣe sílípáàsì, ẹ má sì wọ ìró tó ń gbálẹ̀. Ẹ rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ìgbésẹ̀ kúkúrú, ẹsẹ̀ kò jìnnà síra, àtẹ́lẹsẹ̀ á balẹ̀ lódindi. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú àpò.

Ilé tí kò ní wáyà, iyọ̀ ni wọ́n ń wọ́n sílẹ̀. Iyọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí òtútù bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 9 nísàlẹ̀ òdo, agbára rẹ̀ ti tán. Ó ní irú iyọ̀ mìíràn tí wọ́n ń tà fún òtútù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ kò fẹ́ jókòó lásán, tí ẹ máa ń fẹ́ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Òjò dídì tó ti rin wúwo, òtútù sì ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ọkàn á wá máa ṣe iṣẹ́ ìlọ́po. Àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ fún àwọn àgbà nípa èyí lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá gbé ojú sókè, ẹ lè rí wáyà mìíràn tí wọ́n tẹ́ wọ́gọwọ̀gọ sí etí òrùlé, tó sì wọ inú gọ́tà ọ̀ṣọ̀ọ̀rò. Ìdí rẹ̀ nìyí: ooru inú ilé ń gba àjà jò jáde, ó ń yọ́ òjò dídì tó wà láàárín òrùlé, omi á ṣàn wá sí etí òrùlé tí kò sí ooru lábẹ́ rẹ̀, yóò tún dì níbẹ̀, yóò sì di bèbè tó ń dá omi dúró. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ á gba abẹ́ òrùlé wọlé, á jò sórí ògiri, àmì pupa á sì yọ lára àjà. Wáyà yẹn kì í yọ́ gbogbo rẹ̀, ipa ọ̀nà tóóró ló ń là fún omi. Àtúnṣe gidi wà nínú àjà: kí wọ́n dí ihò tí ooru ń gbà jáde, kí wọ́n sì tẹ́ òwú tó nípọn sórí rẹ̀. Ohun tó kan ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ọmọ yín ni ọ̀pá yìnyín ṣóńṣó tó ń rọ̀ létí òrùlé bí eyín erin. Ó ń já bọ́ láìdágbére, pàápàá nígbà tí oòrùn bá yọ. Ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi igi lù ú.

Ilé tí wọ́n háyà kì í ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, hítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2022, irú hítà bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iná nínú ilé alájà 19 kan ní Bronx, ní Niú Yọ́ọ̀kì. Èèyàn 17 ló kú, ọmọdé jẹ́ mẹ́jọ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ sì ti ilẹ̀ Gáńbíà wá. Èéfín ló pa wọ́n, nítorí ilẹ̀kùn yàrá tí iná ti ṣẹ́ kò padé lẹ́yìn tí àwọn tó wà níbẹ̀ sá jáde. Ara ògiri tààrà ni kí ẹ ti ki hítà, kì í ṣe ara wáyà alásopọ̀. Kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Kí ẹ sì pa á kí oorun tó gbé yín lọ. Bí iná bá sọ, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín. Bí iná ìjọba bá lọ, ẹ má gbé ìkòkò eedú tàbí jẹnẹrétọ̀ wọlé, torí èéfín wọn tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ó ku ẹ̀rọ roboto kékeré tó wà lókè àjà, tó ń ké bí ẹ bá ń dín dòdò tàbí tí ẹ ń dín ata. A mọ̀ pé ariwo rẹ̀ ń bíni nínú, a sì mọ àwọn ìyá tó máa ń ní kí ọmọ bá àwọn yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù ilé ìdáná, ẹ fi aṣọ fẹ́ ẹ títí yóò fi dákẹ́. Ẹ fi bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.